Ariwo Tí Bàbá Àgbà Kò Gbọ́

Lẹ́yìn tí a sin Bàbá Àgbà, ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí wọn yóò kà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Èmi ni wọ́n rán nítorí pé èmi ni mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Dadin Kowa ní Jos láti ìgbà tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, tí mi ò sì tíì ríṣẹ́. Mo kọ ọ́. Mo kọ Ìlọrin tí wọ́n bí i sí, mo kọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó mú un wá sí Jos láti wá ta aṣọ, mo kọ ti ìyàwó àti ti ọmọ. Mo kà á tán, mo tún un kà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ mi ò rí Bàbá Àgbà níbẹ̀. Ọkùnrin inú ìwé yẹn kò lè fi Hausa bú awakọ̀, kó sì tún fi Yorùbá bẹ ọkọ̀ rẹ̀ pé kó má bínú. Mo fún ẹbí ní tiwọn. Èyí tí mò ń kọ níhìn-ín ni tèmi, ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀ pé mi ò ní lè sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi.

Rewáyà ni, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Iṣẹ́ kan ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n láti Dadin Kowa títí dé Naraguta. Bí èèyàn bá fẹ́ fi ampilifáyà sínú ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn rédíò di ńlá kó tó dé inú sípíkà, tí kò sì fẹ́ kí ariwo bá orin wọlé, ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà ló ń gbà lọ. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ tí wọn kò ṣe dáadáa mọ ariwo tí mò ń sọ. Ó máa ń ké tín-ín-rín lábẹ́ orin bí ẹ̀fọn. Bí awakọ̀ bá tẹ ọkọ̀, igbe náà á máa lọ sókè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á máa wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé bí ampilifáyà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé èrò lọ sí Bukuru sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú mi rí, ó ní ṣebí kò burú jù, orin ṣáà ń jáde. Bàbá Àgbà wò ó bí ẹni pé ó gbé òkú eku wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, "Orin lo fẹ́ gbọ́ tàbí ẹ̀fọn?"

Mo máa ń jókòó sórí táyà kan nídìí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo máa ń wò ó. Mo rò pé mò ń sá fún ìrònú ni, nítorí bí mo bá wà nílé, ọwọ́ mi kì í kúrò lára fóònù, mo ń retí kí ẹnì kan pè mí síṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wo ọwọ́ rẹ̀, ọkàn mi á rọlẹ̀. Kò sí ohun tó ń kánjú nínú ọwọ́ yẹn. Á kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí iná má ṣe sí níbì kankan. Á fi fíùsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, kó lè jẹ́ pé bí wáyà bá fara gbá irin, fíùsì ni yóò kú, ọkọ̀ kò ní jó. Á wá gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì apá ọ̀tún fa wáyà iná lọ sí bùútù, á sì gba apá òsì fa wáyà ohùn, èyí tó ń gbé orin láti ara rédíò. Kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì rìn pọ̀ láé, nítorí wáyà iná máa ń da ariwo rẹ̀ sí wáyà ohùn lára.

Ọ̀dọ́ awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́lá bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Jos ni wọ́n bí Kọ́lá sí bíi tèmi, Yorùbá rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

"Alhaji, haba. Ẹ so méjèèjì pọ̀ sí apá kan. Á fi máa rí fíìn."

"Á rí fíìn lójú ta ni? Ṣé o máa ká kápẹ́ẹ̀tì sókè fún èrò kí wọ́n tó sanwó ni?"

"Ẹni tó ṣe ti ọ̀rẹ́ mi so ó pọ̀."

"To, ó dáa. Ọ̀rẹ́ rẹ ń gbọ́ orin tàbí ó ń gbọ́ igbe?"

Kọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní ká má bínú, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti padà. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó tan rédíò, ó tẹ ọkọ̀, igbe náà sì gba àdúgbò kan. Mo ń dúró kí Bàbá Àgbà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ṣe é. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ń bá Kọ́lá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Ó ní, "Àna ni wáyà iná àti wáyà ohùn jẹ́ síra wọn. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, kí wọ́n kíra wọn, kí oníkálukú máa lọ ní tirẹ̀. Wọn kì í sùn lórí ẹní kan náà."

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni olórí gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń pe wáyà dúdú kúkúrú tó ń so ampilifáyà mọ́ irin ara ọkọ̀, kí iná lè rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Bàbá Àgbà máa ń ní ibẹ̀ ni ariwo ti ń wọlé ju ibikíbi lọ. Kì í so ó mọ́ ọ̀dà. Á fi èékánná kan irin náà ko-ko-ko, á fetí sí i bóyá pọ́tì tí wọ́n ń pò bí àmọ̀ ni wọ́n fi dí ihò níbẹ̀, á wá fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi máa dán bí owó fàdákà. Ó máa ń pẹ́ gan-an lórí ìyẹn. Lẹ́yìn tó bá dè é pinpin tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mú òrí nínú agolo, òrí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti Ìlọrin, yóò fi kun orí ìdè náà kí òjò Jos má bàa mú un dípẹtà. Àwọn rewáyà kan tó ń yọjú wò ó lọ ń ṣe é nílé tiwọn, wọ́n ń fi òrí kun irin kí wọ́n tó dè é, òrí wá ń dí iná lọ́nà. Wọ́n ní oògùn Ìlọrin kò jẹ́ fún àwọn.

Ó ní, "Wọ́n rí òrí, wọn kò rí ìgbà tí mo fi kùn ún."

Ọjọ́ kan, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo ní gbogbo ayé mi dà bí ọkọ̀ tó kọ̀ láti jí, mi ò sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi nǹkan kan ha irin lọ. Mo rò pé kò gbọ́ mi.

Ó wá ní, "Bí ọkọ̀ bá kọ̀, èmi kì í bẹ gbogbo rẹ̀. Ibì kan ni mo máa ń wá. Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn súnmọ́ mi, Àbẹ̀kẹ́."

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ẹ ó rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ó gbéra ga lórí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní ìjà kan tó pẹ́ nílẹ̀, tó bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ràn jù ló bá jà.

Tíṣà ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ náà. Ọmọ Èkìtì ni, ìjọba ló gbé e wá sí Plateau láti wá kọ́ni nígbà èwe rẹ̀, kò sì padà sílé mọ́. Lamingo ló ń gbé, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tíṣà, ni olórí ẹgbẹ́ akọrin. Bí a bá ń gbààwẹ̀, Ìyá Tíṣà a máa fi èso ránṣẹ́ sí wa fún ìṣínu. Bí a bá pa àgbò Iléyá, itan kan a máa lọ sí Lamingo. Tíṣà ju Bàbá Àgbà lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n "ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn, wọn kì í sì fi ara wọn lọ́rùn sílẹ̀. Tíṣà á ní ará Ìlọrin ti fi wáyà dí etí gbogbo Jos. Bàbá Àgbà á ní bí wọ́n bá fi orí ará Èkìtì na irin, irin ni yóò tẹ̀.

Bàbá Àgbà ló fi ampilifáyà sínú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́jọ́ tó lọ fà á lé wọn lọ́wọ́, èmi náà bá a lọ. Àwọn ọmọ ìjọ pé jọ sínú ọgbà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Tíṣà jókòó sínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì, orin bẹ̀rẹ̀. Tíṣà yọ orí jáde lójú fèrèsé.

"Alhaji, ó ń ké."

"Kí ló ń ké?"

"Ampilifáyà rẹ. Ẹ̀fọn wà nínú ẹ̀."

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó wọlé, ó gbé etí sí ẹnu sípíkà, ó ní kí awakọ̀ tẹ ọkọ̀ dáadáa. Mo gbọ́ ọ láti ìta, igbe tín-ín-rín náà ń gòkè. Mo ń dúró kí ó sọ pé òótọ́ ni.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló sọ.

"Ó ń ké, mo ní."

"Kò ké."

"Ṣé èmi ni mo ya wèrè ni?"

Bàbá Àgbà na ìka sí i níṣojú gbogbo ìjọ. "Wallahi, irọ́ lò ń pa."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Tíṣà rọra sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì ní, "Lójú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níwèé," ó yí padà wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mo mọ̀ pé mi ò lè dá sí i, ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn ohun tí etí gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí kí Bàbá Àgbà sẹ́ òótọ́ rí.

Wọn kò kí ara wọn mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì pe rewáyà mìíràn, ìyẹn sì fi fítà sí i, nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń sé ariwo mọ́. Igbe náà kò tán, ohùn orin ló kàn wá dà bí ohùn ẹni tó da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Nígbà tí Bàbá Àgbà gbọ́ nípa fítà, ó tutọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Òrùlé ń jò, wọ́n gbé báàfù síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti tún ilé ṣe."

Ìyá Tíṣà kò gba ìjà náà. Èso ìṣínu kò dúró. Lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí táyà mi, ó ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tún bọ́ọ̀sì yẹn gbọ́."

"Ìyàwó wa, etí mi kò dí."

"Mi ò sọ pé ó dí. Mo ní kí ẹ wá ni."

Kò lọ. Obìnrin náà dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì, èmi ni ẹ máa fi sin ìjà yìí." Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, èmi àti Bàbá Àgbà jókòó sẹ́yìn ilé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó fa aṣọ òtútù rẹ̀ mọ́ra, ó ní ọyẹ́ ọdún yìí mú, ó ti pa gbogbo ìrẹ̀ run. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn ìrẹ̀ ń ké débi pé orí ń fọ́ mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ láìronú.

Ó ní, "Níbo?"

Mo nawọ́ sí ìdí ògiri. Ó gba fóònù mi, ó fi iná rẹ̀ tàn lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìrẹ̀ kan wà lẹ́nu ihò rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn débi tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko, ó ń wo bí ìyẹ́ kòkòrò náà ṣe ń gbọ̀n. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, igbe náà ń gún mi létí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ fún. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò purọ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbọ́ ọ ni. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ìlù ẹ́ńjìnnì, àwọn ohùn tín-ín-rín nìkan ni ọjọ́ ogbó ti kó lọ, láìkìlọ̀ fún un. Mo tún rántí bó ṣe máa ń ní kí oníbàárà jókòó sínú ọkọ̀, kí ó "gbọ́ fúnra rẹ̀". Mo ti rò pé ọ̀wọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, mo rí i pé ojú wọn ló ń wò, ó ń kà á bóyá wọ́n fajúro.

Mo gbìyànjú láti bá a sọ ọ́. Mo ní ogbó ni, mo ní kò sí ìtìjú níbẹ̀, mo ní kó jẹ́ ká lọ bá Tíṣà. Mo sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi bí ẹ̀rù bá ń bà mí.

Ó ní, "Bí mo bá sọ pé etí mi ti lọ, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, Tíṣà ni òpùrọ́. Jẹ́ kí n rò ó."

Ó ń rò ó lọ́wọ́ ni Ìyá Tíṣà kú.

Ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé Jos ni kí wọ́n sin òun sí, níbi tí òun ti bí gbogbo wọn. Àwọn ọmọ akọrin rẹ̀ sì rí ohùn rẹ̀ nínú fóònù ẹnì kan, orin ìyìn tó dá fún wọn nígbà tí wọ́n ń kọ́ orin. Wọ́n pinnu pé ohùn náà ni yóò máa jáde láti inú bọ́ọ̀sì, láti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ibi ìsìnkú, kí ó lè jẹ́ pé òun ló kọrin sin ara rẹ̀. Ìròyìn yìí bá Bàbá Àgbà lórí ìjókòó ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ó ti wọ aṣọ funfun tí yóò fi lọ kẹ́dùn. Ó wọlé lọ gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a dé Lamingo, wọ́n ń dán an wò nínú ọgbà. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ohùn obìnrin náà wà nísàlẹ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga, igbe ẹ́ńjìnnì sì wà lórí rẹ̀. Tíṣà jókòó sórí àga lábẹ́ igi, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn rewáyà méjì tí wọ́n ń bá Bàbá Àgbà du oníbàárà wà nídìí bọ́ọ̀sì náà, gbogbo ìjọ wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò, Hausa, Berom, gbogbo wa. Bàbá Àgbà rìn gba àárín wọn kọjá, ó lóṣòó síwájú Tíṣà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kó pè é ní "ẹ̀yin".

"Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin ni ẹ gbọ́ ọ. Èmi ni mi ò gbọ́." Kò rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Mo pè yín ní òpùrọ́ nínú ọgbà yìí. Etí mi ló ti lọ. Ohun tó ń ké nínú bọ́ọ̀sì yẹn báyìí, mi ò gbọ́ ọ, mi ò sì ní gbọ́ ọ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì wà. Bí ẹ bá yá mi ní etí yín, màá wá a rí kí Ìyá tó jáde."

Mo fẹ́ kí ẹnì kan dá a dúró. Mo rò pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pa iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà èwe, mo sì rò pé mi ò tíì rí ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí, bó ṣe lóṣòó sílẹ̀ yẹn.

Tíṣà wo aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Aṣọ funfun lo fẹ́ wọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀?"

"Aṣọ ṣeé fọ̀."

"Ta ni yóò fọ̀ ọ́?"

Bàbá Àgbà tọ́ka sí mi. Tíṣà di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde.

Wọ́n gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. Ó di ojú. Bàbá Àgbà yọ fítà sọnù, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó wo wáyà rẹ̀ látòkè délẹ̀: iná lọ́tùn-ún, ohùn lósì, bó ṣe fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dán lábẹ́ òrí. Ó mi orí, kò yé e. Ó wá fa wáyà gígùn kan láti ẹsẹ̀ òdì bátìrì, níbi tí iná máa ń padà sí, ó ń fi ẹnu wáyà náà kan irin ọkọ̀ níbì kan lẹ́yìn òmíràn, awakọ̀ ń tẹ ọkọ̀.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ń ké."

"Ibí ńkọ́?"

"Ó ń ké síbẹ̀."

"Tíṣà, ẹ má fi ìbànújẹ́ gbọ́ ọ o, ẹ fi etí gbọ́ ọ."

"Máa ṣiṣẹ́ rẹ, ará Ìlọrin."

Ó wá fi wáyà gígùn náà kan orí ìdè tirẹ̀ gan-an, ibi tó ti so ilẹ̀ ampilifáyà. Igbe náà dá. Tíṣà la ojú.

"Ó ti dákẹ́."

Bàbá Àgbà jókòó sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó fi èékánná tọ ojú irin náà yíká, ó rí etí rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà. Àbùlẹ̀ ni. Irin ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀sì náà ti jẹrà nígbà kan rí, àwọn panẹbítà gé irin tuntun lé e lórí ọ̀dà àti ìpẹtà, wọ́n fi ìdè tẹ́ẹ́rẹ́ gbá a mọ́ ọn. Irin gidi ni, kò dún bíi pọ́tì, ó sì ń dán. Ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara ọkọ̀ níbì kankan, iná kò rí ọ̀nà gidi padà sílé.

Ó ní, "Mo fi wáyà mi lé àlejò lọ́wọ́. Àlejò kò mọ ọ̀nà ilé."

Ó gbé ilẹ̀ náà kúrò lórí àbùlẹ̀, ó wá egungun ọkọ̀ rí, ó ha á, ó dè é, ó fi òrí kùn ún. Àwọn rewáyà méjì yẹn ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì, ó tẹ ọkọ̀ dáadáa, wọ́n sì tún fi ohùn náà sí i.

A gbọ́ ìró àga tí ẹnì kan fà nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ orin. A gbọ́ Ìyá Tíṣà tó sọ fún ọmọ akọrin kan jẹ́jẹ́ pé, "Dúró ná, jẹ́ ká jọ gbé e." Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Mo rí Bàbá Àgbà tó ń wo ojú Tíṣà bó ṣe máa ń wo ojú oníbàárà.

"Kí lẹ gbọ́?" ló bi í.

Omi ti bo ojú Tíṣà. Ó ní, "Ó ń mí."

Ohun tí Bàbá Àgbà bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀ pátápátá. Àwọn kan kò padà wá mọ́, irọ́ ni bí mo bá sọ pé wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́: "Mi ò gbọ́ ohùn tín-ín-rín mọ́." Tíṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Lamingo bí ara rẹ̀ bá yá, ó gba táyà mi mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń di ojú níwájú sípíkà ọlọ́kọ̀ọlọ́kọ̀, ó ń dájọ́. "Ìwọ" ti padà sẹ́nu wọn. Kọ́lá ló bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé àgbà méjèèjì yìí, ta gan-an ni rewáyà nínú wọn.

Bàbá Àgbà ní, "Èmi ni. Etí mi ti di mẹ́rin, méjì ló kàn ń gbé Lamingo."

Òwúrọ̀ ló kú, wẹ́rẹ́, lẹ́yìn tó kírun àárọ̀ tán. Wọ́n gbé e síwájú mọ́ṣáláṣí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èmi àti àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lẹ́mọ̀ọ́mù yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní bó ṣe jẹ́ àṣà wa, bí ẹnikẹ́ni bá wà tí olóògbé ti ṣẹ̀, kó forí jì í níbí yìí ká tó kírun sí i lára. Mo rí ọ̀pá kan tó ń yọ lẹ́yìn àwọn tó tò. Tíṣà ń bọ̀, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń lanà fún un. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ, mi ò sì mọ bóyá wọn yóò jẹ́ kí onígbàgbọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀ níwájú òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ọkùnrin yìí pè mí ní òpùrọ́ lójú ìjọ mi. Ojú ìjọ mi náà ló ti padà wá sọ pé òun ni òun kò gbọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà kò sì jẹ́ ṣe é. Mo ti forí jì í kí ọkọ̀ tó gbé ìyàwó mi jáde nínú ọgbà. Ẹ kírun yín."